Kí Owó Ilé Ìwé Má Jẹ Owó Ọjà Wa Tán

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Bí ilé ìwé gíga bá ti fẹ́ wọlé báyìí, inú ọjà la ti ń mọ̀. Ìsọ̀ tó kún fún àpò èlùbọ́ á ṣàdédé ṣófo. Ẹni tó ń dá àjọ á lọ kó o kí oṣù tó pé. Àwọn mìíràn á lọ yá owó èlé, èyí tí wọ́n ń dá padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ọmọ á wọlé ìdánwò, ìyá á jókòó ti igbá òfìfo. A ò bú ẹnikẹ́ni o. Ta ni kò ṣe é rí nínú wa? Ṣùgbọ́n owó ọjà yẹn náà ló ń bọ́ àwọn àbúrò tó kù nílé, bó bá sì ti lọ, kì í tètè padà.

Ìdí nìyẹn tí àwa fi ní kí ọmọ kọ́kọ́ lọ béèrè owó ìjọba tí kò ní èlé, kí ìyá tó fọwọ́ kan owó ọjà. NELFUND ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Òfin ìgbà yẹn le. Ọmọ tí owó tó ń wọlé fún àwọn òbí rẹ̀ bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún kò lè gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ wá oníduúró, irú bíi lọ́yà tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba. Níbo ni alátà ti fẹ́ rí lọ́yà? Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ṣe òmíràn lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sì yọ ìyẹn kúrò. Láti oṣù karùn-ún ọdún náà ni àwọn ọmọ ti ń kọ orúkọ. Ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún, owó ìtọ́jú sì ń bọ́ sínú àkáǹtì ọmọ. ₦20,000 lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé ìjọba nìkan ló wà fún o, irú bíi Pólì Ọ̀fà tó wà nítòsí wa níbí, Unilorin àti KWASU. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì aládàáni, kò kàn án.

A ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀: "Ọmọ mi ò ní jẹ gbèsè ìjọba." Gbèsè ni lóòótọ́, a ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wéra. Owó èlé tí ìyá yá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ọjà tà, ọjà ò tà. Ti ìjọba, ọmọ á ṣe tán, á sìnrú ìlú, ọdún méjì á tún gorí ìyẹn, kí wọ́n tó máa yọ ₦10 nínú ₦100 owó oṣù rẹ̀ bó bá ti ríṣẹ́. Iye tó gbà náà ló máa san, kò lé kọ́bọ̀. Orúkọ ọmọ ló sì wà níwèé, kì í ṣe tìyá. Kò sẹ́ni tó máa wá gbé igbá yín.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ san án o, bó bá ti rí ṣe. Ìjọba Gowon ti ṣe irú ẹ̀ rí níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á di ẹni ńlá, wọn ò san án, bí owó náà ṣe gbẹ nìyẹn.

Àwọn mìíràn ní ó dà bíi tọrọ-jẹ. Tọrọ-jẹ kẹ̀? Òfin ọdún 2024 yẹn ló sọ pé kí wọ́n máa yọ ₦1 nínú ₦100 owó orí tí ìjọba àpapọ̀ bá pa wọlé sínú àpò náà. Ṣebí àwa náà wà lára ẹni tó ń san án, ọ̀pọ̀ ọjà tí a ń rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, VAT wà lórí ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òbí tó bá sanwó kọ́lẹ́ẹ̀jì lè rí tó dọ́là 2,500 yọ lára owó orí rẹ̀ lọ́dún lórí ọmọ kan. Ìpínlẹ̀ Georgia níbẹ̀ ń fi owó lọ́tìrì ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti ọdún 1993, wọn kì í gbà á padà. Àwa ń gé tíkẹ́ẹ̀tì, à ń san owó ìsọ̀, kò sẹ́ni tó bi wá pé ọmọ mélòó la ní nílé ìwé. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun gbọ́ èyí: ìyá tó bá mú rìsíìtì ilé ìwé ọmọ wá, kí wọ́n dín owó ìsọ̀ rẹ̀ kù. Bursary ti Ìlọrin ńkọ́, tó jẹ́ ẹ̀bùn ní tiẹ̀? Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n máa kéde rẹ̀ nínú ọjà, kì í ṣe ní sẹkitéríàtì nìkan.

A ò sọ pé ti NELFUND yìí ò ní wàhálà. Owó náà lè pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá sì ti san tiẹ̀ kí tìjọba tó wọlé, ilé ìwé ló yẹ kó dá a padà fún un, àwọn kan kì í sì fẹ́ dá a padà bọ̀rọ̀. Nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ọmọ sì tètè kọ orúkọ. Kó mú NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti ti matric dání, kí àkáǹtì jẹ́ tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí orúkọ bára mu. Ẹni tó ń jẹ́ Sẹ̀kínátù níbì kan tó tún ń jẹ́ Sakinat níbòmíràn, ìrìn rẹ̀ á pọ̀. Fọ́ọ̀mù ò ní owó. Ẹni tó ni kàfé lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹni tó bá ní kí ẹ wá pín nínú owó náà, olè ni.

Lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé gíga ìjọba mú orúkọ rẹ̀ wá fún akọ̀wé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti rí owó náà gbà, kó mú un dání wá, kó wá fi bó ṣe ṣe é han àwọn yòókù.