Ooru Kì Í Mọ́ni Lára Lọ́jọ́ Kan

Bí ẹ bá bi ẹni tó ń yan gàrí, tàbí ẹni tó ń yọ́ ìda sórí iná fún àdìrẹ ní Ìtòkú, bóyá ooru ò dà á láàmú, ohun tó máa sọ ni pé, "Ó ti mọ́ mi lára." Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè á ní àkànlò èdè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti ooru, òótọ́ pọ́ńbélé ni: inú ara gan-an ló ti yí padà.

Bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7 sí 14, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á máa tètè yọ, iyọ̀ inú òógùn náà á sì dín kù. Ti inú ìfun ni a kì í rí. Bí ooru bá mú ni, ẹ̀jẹ̀ á kúrò nínú ìfun lọ sí awọ ara kí ara lè tutù. Ìfun lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kí oró bakitéríà wọnú ẹ̀jẹ̀. Ara á gbà pé ọ̀tá dé, á gbé irú ogun tó ń mú ojú egbò wú kó sì gbóná dìde, àmọ́ káàkiri ara ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ogun yìí wà lára ohun tó ń sọ ooru di ikú. Ẹni tí ooru ti mọ́ lára sábà máa ń ní ààbò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ọmọ ilẹ̀ olóoru ni wá, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Ibi tí wọ́n bí ni sí nìkan ò tó. Ẹni tó fi oṣù kan jókòó sídìí ẹ̀rọ amúlétutù ti pàdánù púpọ̀ nínú ààbò yìí, ì báà jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá láti ìdílé dé ìdílé.

Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí ẹni tuntun má ṣe ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ inú ooru lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n máa fi ìdá 20 kún un lójoojúmọ́. Ní sáìtì tiwa ńkọ́? Ọjọ́ kìíní ni wọ́n fi ń mọ ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹ fún ọmọ tuntun ní ọ̀sẹ̀ kan, omi àti ibòji. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ fẹ́ ru búlọ́ọ̀kù nígbà ìsinmi kẹ́ ẹ lè rówó ilé-ìwé, bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó síbòji. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni.