Nígbà Tí Ọmọ Ṣàngó Dé Makola

Ní alẹ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sínú yàrá mi ní Madina, mo ń wo bí ọmọkùnrin kan ṣe fi gbólóhùn méjì péré pa odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun run. Orí fóònù ni o. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Discord tí a máa ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ṣe eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní RP. Oníkálukú á dá ẹ̀dá-ìtàn kan sílẹ̀, á máa kọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe àti ohun tó sọ, ẹlòmíràn á fèsì, ìtàn á sì máa lọ. Ìlú Accra la fi ṣe ibùdó eré tiwa, ṣùgbọ́n Accra tí òrìṣà àti mmoatia ti ń bá èrò ọjà rìn. Èmi ni adájọ́ eré.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ṣì wà ní yunifásítì. Ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ kò ní idà, kò lóògùn. Obìnrin aláṣọ kan ni, ní Makola, tí agbára rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè purọ́ iye owó ọjà fún un. Ó fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ ìtàn obìnrin yìí díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń ká aṣọ, bó ṣe ń yá ẹni tó kó sí gbèsè lówó, títí ó fi dé oṣù August 1979. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ghana mọ ohun tó ń bọ̀. Ìjọba ológun AFRC, tí Jerry Rawlings jẹ́ olórí rẹ̀, fẹ̀sùn kan àwọn obìnrin ọjà pé àwọn ló ń kó ọjà pamọ́ tí wọ́n sì ń fi ọ̀wọ́n tà á, ìwà tí gbogbo ìlú ń pè ní kalabule nígbà náà. Àwọn sójà sì wó ọjà Makola Number 1 palẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ọmọbìnrin yìí ti ń tajà. A ò mọ̀. Kò sọ fún wa.

Bó ṣe kọ ọ́ pé àwọn sójà ti dé ẹnu ọjà, ni ọmọ Ṣàngó bọ́ síta. Ẹ̀dá-ìtàn ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ni, ó sì ti wà ní ìpele 40. Ó nawọ́ sókè, mànàmáná kọ, àwọn sójà di eérú. Gbogbo ẹgbẹ́ pariwo ayọ̀. Èmi náà fi àwòrán iná mẹ́ta ránṣẹ́, mo sì kọ ọ́ pé ó bá òfin mu.

Ọmọbìnrin náà ò kọ nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀: “Àǹtí, ìyá àgbà mi ò ríbi sá sí lọ́jọ́ náà. Ẹ bá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí wọ́n tó gbà á là.” Ó sì kúrò nínú ẹgbẹ́.

Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Mo ní eré ni, kí ló dé? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ bí ọmọ Ṣàngó ṣe dé ìpele 40. Òfin wa ni pé ẹni tó bá ti kọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀-ìfèsì yóò gun ìpele kan. Lójú mi, òfin tó tọ́ ni, nítorí kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àṣé ojú ló ń wò. Íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ni ọkùnrin yìí ń lò, wọ́n sì ní jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Dátà tí ọmọbìnrin náà ń fi owó oúnjẹ rà ni òun ń lò, bí iná bá sì lọ ní họ́sítẹ́lì wọn, ó di ọ̀la. Gbogbo wa tí a gbé Accra láàárín 2012 sí 2016 mọ dumsor, iná kú, iná tàn, bí ẹni ń fi ọmọ ṣeré. Nínú eré wa, ẹni tó níná nílé ló di òrìṣà. Mo rántí ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964, tó dúró níwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Marina, l'Ékòó. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe jù mí lọ.

Tí mo bá sì máa sọ òótọ́ dé ìdí, kì í ṣe òfin nìkan. Ọkùnrin náà ló ń sanwó tí a fi ń mú ibùdó wa dára sí i lóṣooṣù. Kò fi yangàn rí. Èmi ni mo ń rántí rẹ̀ nígbà gbogbo tí mo bá fẹ́ sọ fún un pé rárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ dá lábàá ni pé kí a sọ agbára gbogbo wọn di ọgbọọgba. Wọ́n ti dán an wò níbòmíràn. Láti 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé Dungeons & Dragons jáde ni àwọn tó ń ṣe é ti ń ráhùn pé bí eré bá ti pẹ́, oṣó á lágbára débi pé jagunjagun á kàn máa bá a gbẹ́rù. Ní 2008, nígbà tí ẹ̀dà kẹrin jáde, wọ́n ṣe ètò agbára gbogbo wọn lọ́nà kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ fi dá wọn lóhùn ni pé wàyí o, oṣó àti jagunjagun ti jọra jù, kò sí adùn. Ẹ̀dà karùn-ún tó jáde ní 2014 sì padà sẹ́yìn díẹ̀. Èmi ò rò pé àṣìṣe wọn ni pé wọ́n fẹ́ ìdọ́gba. Wọ́n kàn rò pé nọ́ńbà ni ìdọ́gba.

Ẹ wo Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, àwọn akọni mìíràn sì bá a lọ. Kàkò ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn. Bí a bá kó wọn sórí òṣùwọ̀n, ta ló jẹ́ fi olórin wé ọkùnrin oníkùmọ̀? Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ka ìwé náà tó máa sọ pé kí Olóhùn-iyọ̀ jókòó sílé. Fágúnwà rí i pé ibi tí kùmọ̀ ò ti wúlò wà lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ adájọ́ eré nìyẹn, èmi ò sì ṣe é. Gbogbo ìṣòro tí mo gbé kalẹ̀ fún oṣù méje ló jẹ́ ohun tí a lè fi iná jó.

Ohun kejì tí mo fojú fò ni èèwọ̀. Àwọn àgbà wa kì í fúnni lágbára lásán. Ṣàngó fúnra rẹ̀, bí ìtàn ṣe wí, ló dán oògùn àrá wò tí àrá sì já lu ààfin tirẹ̀, tó pa aya àti ọmọ. Ẹ wá wo ọmọ tó bí sínú eré wa: kò ní èèwọ̀ kankan, kì í rẹ̀ ẹ́, àrá rẹ̀ kì í ṣì í lọ́wọ́. Orúkọ òrìṣà nìkan la yá, a ò yá ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹgbẹ́, ọkùnrin náà sọ ohun kan tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní láti àárọ̀ di alẹ́ ni ọ̀gá òun ń jágbe mọ́ òun, owó ọkọ̀ ń gbówó lórí, ibi kan ṣoṣo tí òun ti lè nawọ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ nìyí, ṣé a fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun ni? Mo mọ ìmọ̀lára yẹn. Òǹkọ̀wé tó ń dúró de owó iṣẹ́ tó ti parí láti oṣù kẹta ni mí. Ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn níbi tó ti lágbára. Ṣùgbọ́n tí ibi yẹn bá jẹ́ orí tábìlì tí ẹni mẹ́rìnlá jókòó yí ká, agbára rẹ ò gbọdọ̀ pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́.

Oware tí àwọn bàbá ń ta lábẹ́ igi níbí, tí àwa ń pè ní ayò, ti yanjú èyí tipẹ́. Ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 25 ló pa ayò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá tán lọ́dọ̀ ẹnì kejì rẹ, òfin ní o gbọ́dọ̀ ta ayò tí yóò fún un ní ọmọ, bí ó bá wà níkàáwọ́ rẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. O lè ná an o, kí o nà án dáadáa pàápàá, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan tí yóò fi ta.

Mo fagi lé ìpele. Agbára yòówù tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó sínú eré, kó kó èèwọ̀ rẹ̀ wá pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó lè parí ohun tí ẹlòmíràn ń kọ lọ́wọ́ láìbéèrè. Ẹni méjì bínú lọ, wọ́n ní mo ti sọ eré di ilé ìwé. Bóyá òótọ́ ni, mo máa ń pọ̀ lọ́rọ̀.

Ọmọ Ṣàngó ò lọ. Òun ló ní kí n bá òun bẹ ọmọbìnrin náà. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó dáhùn, ó sì ní òun á padà wá kọ ọjọ́ yẹn nìkan. Iná lọ ní Madina lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti ń tán ni mo fi ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn sójà dé, ọjà wó. Obìnrin aláṣọ náà wò yíká, ó rí ọmọ Ṣàngó tó dúró láìṣe nǹkan kan, ó sì ní kó bá òun ru ẹrù. Ọkùnrin náà kọ ìlà mẹ́rin nípa bí ẹrù aṣọ náà ṣe wúwo lórí òun títí dé Tudu.