PÚLỌ́Ọ̀GÌ MẸ́RIN ÀTI ỌWỌ́ TÍ KÒ FẸ́ DỌ̀TÍ

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwa ìgbìmọ̀ olóòtú kò fi ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ wa, èyí tí a fẹ́ dìbò lé lórí ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Àwọn kan ní kí a tà á. Àwa ní kí a má tà á. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ tẹnu wa kí ẹ tó nawọ́ sókè.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ náà. Toyota Hilux àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì 22R ló wà nínú rẹ̀, sílíńdà mẹ́rin, pẹtiróòlù ló ń mu. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ló dáwó jọ tí wọ́n fi rà á fún ẹgbẹ́. Òun ló ń gbé àga, àtíbàbà àti ìlù wa lọ́jọ́ Ọjọ́ Àṣà. Òun ló ń kó àwọn ọmọ ọdún kìíní tòun ti ẹrù wọn láti gáréèjì nígbà tí wọn kò tíì mọ ọ̀nà kankan ní Kàdúná. Ní ibi tí a jìnnà sílé dé yìí, ọkọ̀ náà ti kúrò ní irin lásán, ó ti di ẹbí.

Ní sáà tó kọjá ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, a ó máa yí kọ́kọ́rọ́ títí kó tó jí. Tó bá jí tán, yóò máa jẹ́ẹ̀kì bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Epo tó ń gbé wa fún ọjọ́ mẹ́ta wá di ti ọjọ́ méjì. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó ní kábúrétọ̀ ni. A sanwó. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó tún bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì náà ní ó ku ẹ̀rọ tó ń fa epo. A tún sanwó. Àpò ẹgbẹ́ gbẹ, ọkọ̀ kò sàn.

Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, inú mú ọ̀kan lára àwọn arábìnrin wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò lè nàró. A gbé e sínú píkọ́ọ̀pù, a forí lé ilé-ìwòsàn. A kò tíì kúrò lẹ́nu géètì dáadáa tí ọkọ̀ fi jẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀mẹta tó sì kú pátápátá. A tì í, kò jí. A tún tì í, kò jí. Arábìnrin wa ń ké, àwa náà ń làágùn nínú òtútù ọyẹ́. Ọlọ́run ló ní kí ọlọ́dẹ géètì mọ ẹnì kan tó ní kẹ̀kẹ́ Nápẹ́pù ládùúgbò, ìyẹn ló dìde lórí oorun tó wá gbé wa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà ní àpẹ́ńdíìsì ni, ó sì ní ká ní a pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yí padà. Ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwa tí a wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tó lè gbàgbé ìró ọkọ̀ tó kọ̀ láti jí yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnì kan lọ pe ọmọ iṣẹ́ kan wá láti ìhà ọjà Panteka. Ọmọdékùnrin náà kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó wá bi wá pé, “Ìgbà wo lẹ ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì gbẹ̀yìn?” Àwa tí a pé mọ́kànlá, tí àwọn kan nínú wa ń ka ìmọ̀ físíìsì, kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, irin ẹnu wọn sì ti jẹ. Ó fi mẹ́rin tuntun sí i. Kò tó wákàtí kan tí ọkọ̀ fi ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí. Iye tí a ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin náà kò tó ìdámẹ́rin owó kábúrétọ̀ nìkan.

Ìtìjú yẹn ló bí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí.

Kí tilẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì ń ṣe? Nínú sílíńdà, písítìnì máa ń fún epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bátìrì 12 fóólítì ló wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ìlì a máa sọ agbára yẹn di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóólítì, ó lè kọjá 10,000 dáadáa. Agbára yìí ni yóò fo àlàfo kékeré tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, iná á ta, epo á gbiná, písítìnì á sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ń ta iná ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí nǹkan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ń ṣe! Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé yóò gbó. Púlọ́ọ̀gì lásán a máa tó nǹkan bíi 30,000 kìlómítà. Èyí tí wọ́n fi platinum tàbí iridium ṣe lè tó 100,000. Tó bá ti gbó, àlàfo ẹnu rẹ̀ á fẹ̀, iná kò ní ta dáadáa, epo tí kò jóná á sì bá èéfín jáde. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ta ló tún ní epo tí yóò máa tú dà sójú ọ̀nà?

Láti ìgbà náà, àwa díẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ náà, a sì ti ṣe é fúnra wa lẹ́yìn ilé ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ wa. Bí a ti ṣe é nìyí, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe oògùn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Tọ́ọ̀pù sílíńdà ọkọ̀ yìí jẹ́ alumíníọ̀mù, tí ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná, ojú òró rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Wáyà kan ni kí ẹ yọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ dá wáyà náà padà, kí ẹ tó kan òmíràn. Ìdí ni pé 1-3-4-2 ni ètò tí iná ń gbà ta nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Tí wáyà bá ṣi ipò, ọkọ̀ kò ní gbọ́ràn. Orí rọ́bà ni kí ẹ dì mú nígbà tí ẹ bá ń fà á, ẹ má fa wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ fẹ́ eruku kúrò nídìí púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú u, kí iyanrìn má baà ré sínú sílíńdà. Sípánà púlọ́ọ̀gì 21 ló bá a mu.

Ẹ wọn àlàfo ẹnu tuntun náà, 0.8 mìlímítà ni ti ẹ́ńjìnnì yìí. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Bí ó bá ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tú u kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́ nìyẹn. Ìgbà tó bá jókòó tán ni kí ẹ wá fi sípánà fún un ní ààbọ̀ yíyí tàbí díẹ̀ sí i, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò ní purọ́ fún yín: ọ̀kan nínú wa fi agbára bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, díẹ̀ ló kù kó ba òró rẹ̀ jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ náà ló dá a dúró.

Ẹ má sọ èyí tó ti gbó nù láìwò ó. Ẹnu rẹ̀ a máa ròyìn inú ẹ́ńjìnnì. Tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú, àlàáfíà ni. Tó bá dúdú gbẹrẹfu bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ yẹ àsẹ́ afẹ́fẹ́ àti kábúrétọ̀ wò. Tó bá dúdú tó sì ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Tó bá funfun bí ẹfun, ó ti ń gbóná jù. Ẹni tó mọ èyí kò ní jókòó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bí àgùntàn tí wọ́n fẹ́ rẹ́ irun rẹ̀. Ṣùgbọ́n o, ọkọ̀ kì í dọ́gba. Èyí tó ń mu dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná rárá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé sì ní kọ́ìlì lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí a mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé, ẹnì kan bi wá pé, “Ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì la wá kọ́ níbí ni?” Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ta ni wá ná? Ṣé kì í ṣe ọmọ àwọn tó ń rọ ọkọ́ àti àdá ní àgbẹ̀dẹ ni, tí wọ́n sì ka Ògún sí baba gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan irin? Nígbà wo ni ọwọ́ tó dọ̀tí wá di àbùkù fún ọmọ Yorùbá? Bí ó bá jẹ́ pé ìwé tí a kà ló sọ ọ́ di àbùkù, a jẹ́ pé ìwé náà kò tíì yé wa. Ìwé sọ fún wa bí iná ṣe ń ta. Ọmọ iṣẹ́ tí kò kàwé tó wa ló mọ̀ pé kò ta mọ́.

Ẹlòmíràn ní a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n òótọ́, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ju agbára wa lọ kò ní tán lára ọkọ̀ àtijọ́. Ti wọn ni, wọn yóò máa rí i ṣe. A kò sì sọ pé ọ̀bàyéjẹ́ ni gbogbo mẹkáníìkì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà ló yọ wá. Ohun tí a ń sọ ni pé aláìmọ̀kan kì í ṣe oníbàárà, ìjẹ ni.

Àwọn tó ní kí a tà á wí pé ọkọ̀ náà ti darúgbó, ó ń jẹ owó. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ owó wa? Ọkọ̀ ni, àbí àìbìkítà wa? Ẹni tó bá ta píkọ́ọ̀pù yìí tó fi owó rẹ̀ ra èyí tó tuntun díẹ̀ yóò pa òun náà láàárín ọdún méjì, tí kò bá sí ẹni tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.

Àbá wa nìyí. Kí ẹgbẹ́ má ta ọkọ̀. Kí a ra àpótí irinṣẹ́ kékeré kan. Kí a pe ọmọ iṣẹ́ náà wá ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, kí a sanwó fún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí tọkùnrin tobìnrin kọ́ ọ. Kí a ra ìwé kan tí a ó máa kọ ọjọ́, kìlómítà àti àwọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì sí, ní èdè Yorùbá. Ẹgbẹ́ Yorùbá ni wá. Bí a bá fẹ́ kí èdè wa yè, kó má jẹ́ orí ìtàgé Ọjọ́ Àṣà nìkan la ó ti máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ ìbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí arábìnrin wa. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa pé òun ni yóò kọ́kọ́ kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Sátidé. Ta ló kù?

Ire o!