Ẹni Tí Ó Dá Lọ Dẹ Àwọ̀n
Ẹ̀yin apẹja etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, mímọ ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan kò tó fún ẹni tí ń dá lọ dẹ àwọ̀n. Bí ọkọ̀ igi bá dojú dé, ẹ dì í mú. Igi a máa léfòó. Ẹ má ju ọwọ́ kan: ẹni òkèèrè yóò rò pé ẹ ń kí òun ni, yóò sì kí yín padà! Ẹ na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa gbé wọn lọ sókè, bọ̀ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Àmì ewu àwọn atukọ̀ òkun káàkiri ayé nìyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i? Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín máa kọ ibi tí olúkúlùkù lọ àti wákàtí ìpadàbọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ní èbúté, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ mìíràn wá ẹni tí ó bá pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.