Kí Àgbàlagbà Tó Wọ Kíláàsì, Kí Ó Kọ́kọ́ Béèrè Ohun Tí Yunifásítì Ń Fẹ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣíde ọ̀rọ̀ mi lórí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti ìgbà èwe, tí wọ́n wá pinnu pé àwọn yóò wọ yunifásítì. Ìpinnu rere ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìgbà tí olúkúlùkù bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìpinnu nìkan kò tó. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí yunifásítì yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi odindi ọdún kan kàwé, kí ó sì tún bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1978, ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan dá kọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí kò ní ìwé-ẹ̀rí tí ó lè mú wọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Access ni wọ́n ń pe irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá ṣe é yọrí ní England tàbí Wales yóò gba dípúlómà. Ẹni tí ó bá ń fi gbogbo ọjọ́ kàwé sábà máa ń lo ọdún kan. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn sábà máa ń lo ọdún méjì. Kírẹ́díìtì 60 ni dípúlómà náà. Nínú rẹ̀, 45 wà tí wọ́n ń díwọ̀n bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe mọ̀ ọ́n tó: Pass, Merit tàbí Distinction.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí dípúlómà yìí bá ti tẹ àwọn lọ́wọ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn.

Lọ́nà kìn-ín-ní, yíyege lásán kò tó. UCAS ni àjọ tí ó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé fún àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà. Nínú ìṣirò wọn, ẹni tí ó gba Distinction nínú gbogbo kírẹ́díìtì 45 náà ní àmì 144. Ẹni tí ó gba Merit nínú gbogbo rẹ̀ ní 96. Ẹni tí ó gba Pass nìkan ní 48. Àwọn méjèèjì, ẹni 144 àti ẹni 48, ni wọ́n ní dípúlómà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí yóò ṣí fún ọ̀kan kò ní ṣí fún èkejì. Àwọn yunifásítì mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ iye kírẹ́díìtì tí ó gbọ́dọ̀ wá láti inú iṣẹ́ kan pàtó, bíi bàọ́lọ́jì fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìlera.

Lọ́nà kejì, dípúlómà Access kì í gba ipò èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ti ilé-ìwé girama. Fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, pàápàá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yunifásítì yóò ṣì béèrè GCSE gírédì 4 nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ní ti iṣẹ́ tíṣà ní England, òfin ìjọba ni pé kí ènìyàn dé ìwọ̀n gírédì 4 yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò sì fi sáyẹ́ǹsì kún un. Àwọn yunifásítì kan máa ń gba kírẹ́díìtì WAEC dípò GCSE. Àwọn mìíràn kì í gbà á. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́. Yunifásítì gan-an ni kí a kọ̀wé sí, kí a sì tọ́jú èsì wọn.

Lọ́nà kẹta, àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Oṣù September ni kọ́ọ̀sì Access sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù January tí ó tẹ̀ lé e ni gbèdéke fọ́ọ̀mù UCAS fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́ọ̀sì. Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, àti fún Oxford àti Cambridge, ọjọ́ 15 oṣù October ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì jókòó dáadáa tí wọn yóò ti ní kí ó yan ibi tí ó ń lọ. Bí kò bá ti wádìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni yóò wádìí?

Ká ní abiyamọ kan wà ní London tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ó ń ṣiṣẹ́ òru, ó ń kàwé lọ́sàn-án. Ó gba Distinction rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn èyí ni yunifásítì béèrè ìṣirò, kò sì ní in. Ọdún mìíràn nìyẹn. Gbèsè sì ńkọ́? Ní England, ìjọba máa ń yá àwọn àgbàlagbà tí ó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i lówó láti san owó kọ́ọ̀sì Access. Bí ẹni náà bá wọ yunifásítì tí ó sì gba oyè, wọn yóò pa ìyókù gbèsè náà rẹ́. Bí kò bá rí yunifásítì wọ̀, gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyà ni èyí jẹ́. Wọn yóò ní kí ni ẹni tí ó ti tọ́mọ, tí ó ti kọ́lé, tún fẹ́ fi ìṣirò ilé-ìwé girama ṣe. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Nọ́ọ̀sì ni yóò ṣírò oògùn tí yóò wọ ara aláìsàn. Bí ó bá ṣi àmì kékeré kan lò, ìlọ́po mẹ́wàá oògùn ni ó fún un yẹn. Ohun tí mo gbà ni pé ẹni tí ó bá ń gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àgbàlagbà gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ yìí fún un kí ó tó gbowó.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni èyí. National Open University of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba dá dúró ní 1984, tí ó sì tún padà bẹ̀rẹ̀ ní 2002, la ọ̀nà fún àwọn òṣìṣẹ́ àti abiyamọ láti kàwé nínú ilé wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ gba oyè níbẹ̀ yóò mú kírẹ́díìtì márùn-ún wá láti inú ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama.

Ní ìparí, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC tàbí NECO lọ́wọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ìṣirò tí ẹ bá sá fún lónìí yóò dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ bá pé ogójì ọdún. Ẹ bá a jà nísinsìnyí tí ara yín ṣì le. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti dàgbà kí ẹ tó padà sẹ́nu ìwé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.