Ẹ Gbàṣẹ Kí Ẹ Tó Ya Ojú Ẹni Ẹlẹ́ni

Àwòrán ojú ènìyàn ni mo ń yà jẹun ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ya òun á jókòó síwájú mi, tàbí kó mú fọ́tò ara rẹ̀ wá. Àṣẹ rẹ̀ ni mo fi ń mú pẹ́ńsù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ arábìnrin Amẹ́ríkà kan, Heather Dewey-Hagborg, fi ká mi lára.

Láàárín ọdún 2012 sí 2013, obìnrin yìí ń ṣa irun tó já bọ́, ìdí sìgá àti ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn tu sílẹ̀ ní ìgboro New York. Ó yọ DNA inú wọn, ìyẹn àbùdá tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ó wò ó bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ó wo àwọ̀ ẹyinjú àti ìran tí ẹni náà ti ṣẹ̀. Ó wá fi kọ̀ǹpútà ro ojú kan pọ̀, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ère. Ó ní ìkìlọ̀ lòun ń ṣe nípa ohun tí wọ́n lè fi ìdọ̀tí wa ṣe. Ìkìlọ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n àwọn tó ni irun kò mọ̀ rárá, ìyẹn ni mi ò fara mọ́.

Àwọn ìyá àgbà wa kì í fi irun tó bá kóòmù jáde sílẹ̀ kí ẹlòmíràn kó o. Oògùn ló ń bà wọ́n lẹ́rù nígbà náà. Lónìí, ó yẹ kí ẹ̀rọ náà bà wá lẹ́rù.

Ojú tí DNA bá sì gbé jáde, àbá lásán ni. Dewey-Hagborg fúnra rẹ̀ fi èyí hàn ní 2017. Chelsea Manning, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n nítorí pé ó tú àṣírí ìjọba, fi irun àti itọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti inú ẹ̀wọ̀n. DNA kan ṣoṣo yẹn ló fi ṣe ojú 30, ọ̀kan ò jọ ìkejì. DNA kò mọ àpá. Pélé àti àbàjà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ olóòlà ló ti wá. Ṣùgbọ́n Manning fọwọ́ sí tirẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni mo gbóṣùbà fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn gan-an. Nígbà iṣẹ́ ìwádìí HapMap, tó ń wá ibi tí DNA àwọn ènìyàn ti yàtọ̀ síra, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002, 90 ọmọ Yorùbá ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbí: bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ìdílé 30. Charles Rotimi àti Clement Adebamowo wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Wọ́n bá ará àdúgbò jókòó, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n gbàṣẹ kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni, wọn ò sì kọ orúkọ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ní 2008, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé iṣẹ́ tí wọ́n ti ka odindi DNA ọkùnrin kan nínú wọn jáde. NA18507 nìkan ni wọ́n pè é. DNA náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ayàwòrán kan lè jókòó sí Jámánì lọ́la, kó fi ro ojú ọkùnrin yìí, kó sì gbé e kọ́ sára ògiri. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí ló yọ̀ǹda, kò yọ̀ǹda ojú rẹ̀.

Òfin ìdáàbòbò détà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ àbùdá àjogúnbá mọ́ ohun àṣírí tó gba ìṣọ́ra gidi. Òfin náà wà, àwa la ò tíì máa béèrè ẹ̀tọ́ wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán, ẹ kọ́ ìmọ̀ tuntun yìí, ẹ fi dárà, ṣùgbọ́n ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Ẹ̀yin tó ń lọ ṣàyẹ̀wò jínótáìpù kí ẹ tó ṣègbéyàwó, ẹ béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù ń lọ. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ má fọwọ́ síwèé.