Díẹ̀ Díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Fi Ń Wọgbà

Ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi òwe yìí ṣe: bí a bá fàyè gba aláṣejù lónìí, tó bá dọ̀la, á gba gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ki gbogbo ara bọ ọgbà lẹ́ẹ̀kan. Imú tó fi ń gbóòórùn ló ń kọ́kọ́ tì wọlé.

Ọgbọ́n yìí gan-an ló yẹ ẹni tó ń kọ́ pókà, pàápàá Texas Hold'em tí wọ́n ń ta ní Las Vegas. Káàdì méjì ni wọ́n ń pín fún oníkálukú, ọ̀nà 1,326 sì ni méjì lè gbà jáde nínú 52. Ẹni tó bá ní àfi Ace méjì, King méjì, Queen méjì tàbí Ace pẹ̀lú King lòun ó máa ta, ọ̀nà 34 péré ló mú. Owó tipátipá tí àga méjì ń san kí wọ́n tó pín káàdì yóò máa jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù náà á sì ti mọ ìwà rẹ̀: bó bá ti fowó lélẹ̀, kálukú á da káàdì nù. Ó di dandan kó fi káàdì míì kún èyí tó ń ta.

Ẹ wá wo ẹni tó kánjú. Ó mú Ace pẹ̀lú 9 lórí àga àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́jọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan tẹ̀ lé e. Ace bọ́ sí àárín tábìlì, níbi tí wọ́n ń tẹ́ káàdì àjọlò sí, inú rẹ̀ dùn, ó fowó lé e, ó tún fowó lé e. Nígbà tí wọ́n ṣí káàdì, Ace pẹ̀lú King ló wà lọ́wọ́ ẹnìkejì, King sì ju 9 lọ. Ace tó ń yọ̀ sí ló kó owó rẹ̀ lọ. Bí irú káàdì méjèèjì yìí bá kojú ara wọn, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni Ace pẹ̀lú 9 ń borí.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tí ìbínú ń sún fi káàdì kún káàdì. Ó pàdánù, ló bá ń mú káàdì tí kì í mú tẹ́lẹ̀. Kó dìde nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdí bọ́tìnì, àmì tó ń fi ipò apínkáàdì hàn, ló ti yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń ta kẹ́yìn lẹ́yìn tí káàdì bá ti dé àárín. Ó ti rí ìṣe gbogbo wọn. Bí àwọn tó ṣáájú bá ti da káàdì nù, kó mú King pẹ̀lú Jack, kó mú 8 pẹ̀lú 7 tí àmì wọn jọra, àní kó mú Ace pẹ̀lú 9 yẹn. Kó máa ta á títí yóò fi mọ ìgbà tó yẹ kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó gbé díẹ̀ nínú wọn lọ sí àga tó ṣáájú bọ́tìnì. Àga àkọ́kọ́ ni kó fi ṣe ìgbẹ̀yìn, Ace pẹ̀lú 9 kò sì gbọdọ̀ bá a débẹ̀.